Lẹ́tà Tí Kò Lámì

Igi kẹtàdínlógún ni mo ń fi òòlù kàn nígbà tí Ìyá Olùkọ́ wọlé, tó wá dúró ní ìdí àkàbà. Láti igun tí oòrùn ti ń yọ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń fetí sí wọn. Igi tó bá ti jẹrà a máa dún bí àgbá òfìfo. Nínú gbogbo èyí tí mo ti kàn, kò sí ọ̀kan tó dún bẹ́ẹ̀.

Níta, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ń já páànù sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n. Wọ́n ń kọrin bí wọ́n ṣe ń já a, ẹni tí kò gbé nǹkan kan gan-an ni ohùn rẹ̀ lọ sókè jù.

Ìyá Olùkọ́ ni ọ̀gá ilé-ìwé tí a wá tún ṣe náà. Òun nìkan ni tíṣà tó wà níbẹ̀, òun ló ń lu aago, òun ló ń gbá àgbàlá. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó wá bi mí pé kí ni mò ń wá lókè.

Mo ní ibi tó bàjẹ́ ni.

Ó gbójú sókè, ó tún gbé e wá sílẹ̀. "Bàbá," ó ní, "ìsàlẹ̀ ló wà."

Mo sọ̀kalẹ̀. Kafíńtà ni mí. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta rèé tí mo ti ń ṣe é, òkè ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìgbà tí mo kúrò lórí àkàbà ni mo tó wo ohun tí mo gbé e lé. Ilẹ̀ iyàrá náà ti fọ́ káàkiri. Amọ̀ tí wọ́n fi tẹ́ ẹ láyé àtijọ́ ti ń ṣí kúrò bí èépá. Kòtò kan wà níbẹ̀ tó gba ẹsẹ̀ mi dé ọrùn ẹsẹ̀. Òkúta ni wọ́n fi ti bẹ́ńṣì kí ó má baà mì. Eruku pupa bo ara ògiri dé ibi tí orúnkún ọmọdé mọ.

Lókè, páànù kò jò, igi kò jẹrà. Páànù àti igi ni àwa sì kó wá.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà kò gùn. Ìyá Olùkọ́ kọ ọ́ sí ìjọ wa, ó ń bẹ̀ wá pé kí a wá ran òun lọ́wọ́. Ọmọbìnrin àbúrò mi, tí gbogbo ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ń pè ní Akọ̀wé, ló gbà á. Kí gbogbo wọn lè tètè rí i, ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Kò fi àmì ohùn kankan sí i. Ó wá mú un tọ̀ mí wá, nítorí wọ́n ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ tí yóò bá wọn lọ, kò sì sí kafíńtà míràn nínú ìjọ. Ohun tí mo rí lójú fóònù rèé: *Ile ile-iwe wa ti baje. E jowo, e ba wa tun ile se.*

Mo kà á sí ilé. Mo rò pé ìka Akọ̀wé ló yọ̀ tó fi tẹ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní bí ilé bá bàjẹ́, òrùlé ló ń kọ́kọ́ lọ. Mo sọ irú páànù tí wọ́n máa rà àti irú igi tí wọ́n máa rà. Wọ́n rà á. Odidi ọjọ́ kan la fi wa ọkọ̀ débẹ̀.

Ìyá Olùkọ́ ní ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀ nínú ìwé kan. Ó mú un jáde. Àmì wà lórí gbogbo ọ̀rọ̀, kò fo ọ̀kan: *Ilẹ̀ ilé-ìwé wa ti bàjẹ́.* Ó fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó tọ́ka sí àmì òkè rẹ̀, ó tún tọ́ka sí tìsàlẹ̀. Kò bínú. Bí ó ṣe ń ṣe fún ọmọ ọlọ́dún méje ló ṣe fún mi.

Akọ̀wé ka lẹ́tà náà. Ó wo páànù tó wà níta. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, bẹ́ńṣì mì, ó bú sẹ́kún.

Kì bá tí tó ẹkún bí kò bá ṣe ti alábẹ̀wò. Ní sáà tó kọjá, alábẹ̀wò ilé-ìwé wá wò wọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú kòtò tó gba ẹsẹ̀ mi yẹn, ó ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì balẹ̀ níṣojú àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí òun bá padà wá tí òun bá ilẹ̀ yìí bẹ́ẹ̀, òun yóò ti ilé-ìwé náà pa. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò padà. Ọjọ́ Ajé ni àwa dé. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló wà láàárín.

Ilé-ìwé tó tún sún mọ́ wọn wà ní ìkọjá odò méjì. Ìyá Olùkọ́ ní bí wọ́n bá ti tiwọn, àwọn tó ti dàgbà á máa lọ síbẹ̀. Àwọn kékeré kò ní í lọ. Ó wí bẹ́ẹ̀ tán, ó jáde lọ lu aago.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ga bí ọ̀pẹ, ó fẹ́ràn ìwàásù ju oúnjẹ lọ. Pásítọ̀ Kékeré ni wọ́n ń pè é. Ó ní kí a gbàdúrà. A gbàdúrà. A ṣe àmín, a la ojú, páànù ṣì ni páànù.

Awakọ̀ ti yí ọkọ̀ padà, ó ti lọ. Ọjọ́ Àìkú la jọ dá pé kí ó wá kó wa. Àwọn ará ìlú ti ń dé láti wá wò wá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé wọn, ìyá àgbàlagbà kan bi wá pé àwa tí a ní a wá gba àwọn là, ta ni yóò gba àwa lọ́wọ́ páànù. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Kò sí ibi kankan nínú ẹ̀rín wọn.

Mo lọ bá Akọ̀wé níbi tó jókòó sí. Mo ní, "Èmi ni mo kà á. Ìwọ kàn tẹ̀ ẹ́ ni."

"Bàbá, èmi ni mo yọ àmì rẹ̀."

"Ó dáa. Àwa méjèèjì ni. Dìde, bẹ́ńṣì yẹn ò lágbára."

Ó dìde.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo bi Ìyá Olùkọ́ pé ta ló ní sìmẹ́ńtì ní ìlú. Ó ní ẹnì kan ni. Ó tún ní kí n gbàgbé rẹ̀.

Bíríkìlà ni ẹni náà. Òun ló kọ́ ìdajì ilé tó wà ní ìlú náà. Ọdún kejìlá rèé tó ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Bí èèyàn bá kọjá tó kí i kú iṣẹ́ ilé, èsì kan ṣoṣo ló ní: kò ì tán. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ṣe di Kò-ì-tán. Àwọn ọmọdé ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn àgbà ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ògiri ilé náà ti dúró. Àpò sìmẹ́ńtì tí yóò fi rẹ́ ẹ wà nínú àká. Òrùlé ni kò sí. Ìyá Olùkọ́ ti bẹ̀ ẹ́ rí pé kí ó yá òun ní díẹ̀ lára sìmẹ́ńtì náà. Ó ní sìmẹ́ńtì tí òun yá ẹnì kan lọ́jọ́sí, ó ti di ilé onílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti Akọ̀wé lọ bá a. Iyàrá mẹ́rin ni ilé náà. Ó fi ọ̀rá bo òkè ọ̀kan, ibẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn. Mẹ́ta yòókù ń wo ojú ọ̀run. Koríko ti hù nínú ọ̀kan nínú wọn, ó ga dé ojú fèrèsé.

Ọkùnrin kúkúrú ni, èjìká rẹ̀ fẹ̀. Ó ń jẹun lọ́wọ́, kò dìde. Ó ní òun ti gbọ́ nípa wa. Ó ní àwa ni a gbé fìlà wá fún ẹni tó ń wá bàtà. Akọ̀wé dorí kodò.

Mo lọ sí ibi ògiri, mo di ojú kan, mo fi ìkejì wò ó láti igun dé igun. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀lé e. Ìdí rẹ̀ gún, orí rẹ̀ tẹ́jú. Mo ti gbé òrùlé lé ògiri púpọ̀ láyé mi. Púpọ̀ nínú wọn, pákó la fi ń bo àṣìṣe bíríkìlà.

Mo bi í pé ta ló mọ ọ́n.

"Èmi ni."

Mo ní, "Ó gún."

Ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá ti fẹ́ ra páànù, nǹkan míràn ni yóò yọjú. Ìyá òun kú. Ọmọ òun àkọ́bí fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ọmọ òun kejì ṣàìsàn. Odò gbé iyanrìn òun lọ nígbà kan, òun tún un kó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìmí. Ó dà bíi pé ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ gún.

Nígbà tó dákẹ́, mo sọ ohun tí a ní. Mo sọ ohun tí a ń wá.

Ó fi ọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní òun yóò rò ó wò.

Ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti inú iyàrá ọlọ́rá. "Bàbá, ẹ má dá a lóhùn. Kí ni ó kù tó fẹ́ rò? Láti àná ló ti ń wo páànù yín láti ojú ọ̀nà, kò jẹ́ kí n sùn."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Oorun mi ni. Ó ní kí n bá òun bi ọ́."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ kí a rí i. Ó wá ní ó dáa, ṣùgbọ́n ohun méjì ni òun ní láti sọ. Èkíní, òun fúnra òun ni yóò tẹ́ ilẹ̀ ilé-ìwé náà, òun kò ní í fi sìmẹ́ńtì òun lé ọlọ́wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́wọ́. Èkejì ló fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ. Èmi ni ó dojú kọ.

"Kí ó tán. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ lágbedeméjì, ẹ ti sọ orúkọ yẹn di tèmi títí láé."

Mo ní yóò tán.

A kò gbé páànù lé ìwọ̀n pẹ̀lú sìmẹ́ńtì. Ó nílò gbogbo tiwa, a nílò gbogbo tirẹ̀. Lójú ọ̀nà, Akọ̀wé bi mí bóyá ìyàwó mi mọ̀ pé n ó gun òkè ilé. Ìyàwó mi ti ní n kò gbọdọ̀ gun òkè mọ́ láyé mi. Mo ní kò sí níbí.

A pín ara wa sí méjì. Ọ̀dọ́ mẹ́rin tẹ̀lé mi lọ sí ilé Kò-ì-tán. Akọ̀wé àti àwọn mẹ́fà yòókù dúró ti Kò-ì-tán ní ilé-ìwé. Wọ́n kó bẹ́ńṣì jáde, wọ́n kó pátákó ìkọ̀wé jáde. Abẹ́ igi ni Ìyá Olùkọ́ ti ń kọ́ àwọn ọmọ.

Kò-ì-tán kì í ṣe ọ̀gá tó rọrùn. Ó ní kí wọ́n fi ọkọ́ wa gbogbo amọ̀ tó ti ṣí kúrò, kí wọ́n kó àfọ́kù òkúta wá láti ẹ̀bá odò, kí wọ́n fi í kún kòtò. Ó yẹ àtẹ́lẹwọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Ó bi Pásítọ̀ Kékeré bóyá òróró ló fi ń wẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń pè wọ́n ní ẹ̀yin ońṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹ̀yin ońṣẹ́ Ọlọ́run, omi dà? Ẹ̀yin ońṣẹ́ Ọlọ́run, ṣé Ọlọ́run ló ní kí ẹ jókòó?

Mo gé ìdí igi mẹ́fà fún wọn nínú àwọn igi wa, mo fá ọwọ́ rẹ̀ kí ó má baà gún wọn. Òun ni wọ́n fi ń lu ilẹ̀. Odidi ọjọ́rú ni wọ́n fi lù ú. Wọ́n ń kọrin sí i. Láti orí òrùlé tí mo wà, mo ń gbọ́ orin, mo ń gbọ́ igi, méjèèjì kò bá ara wọn mu. Láìpẹ́ mo gbọ́ ohùn Kò-ì-tán. Ó ní orin wọn yá jù. Ó ní bí ilẹ̀ bá gbọ́ irú orin yẹn, jíjó ni yóò máa jó, kò ní í sùn. Ó ní kí wọ́n lọ wá orin ìsìnkú. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n gbé orin alẹ́ kan tí a fi ń tú ìjọ ká, èyí tó máa ń fa gígùn. Igi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà yẹn, ilẹ̀ ń dún dáadáa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jókòó lábẹ́ igi, ara ń ro wọ́n. Iṣẹ́ ìhìnrere ni wọ́n tìtorí rẹ̀ wá, wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ọmọdé ní orin àti àdúrà, wọ́n sì ti kọ́ wọn ní díẹ̀. Ìyá Olùkọ́ ní ó ti di ìgbà tí àwọn ọmọ yóò kọ́ àwọn náà ní tiwọn. Ó mú ẹfun, ó kọ *ile* sí ojú pátákó. Ó pe ọmọbìnrin kan, ọmọ bí ọdún méje, eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Ó ní kí ó kà á.

Ọmọ náà wo pátákó. Ó wo Ìyá Olùkọ́. "Ẹ̀yin Ìyá," ó ní, "kò tíì lámì. Mi ò lè kà á."

Àwọn ọ̀dọ́ wa pariwo ẹ̀rín. Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ gba ẹfun lọ́wọ́ Ìyá Olùkọ́. Ó fi àmì sí i bíi ti ilé, ọmọ náà kà á. Ó nù ún, ó fi àmì sí i bíi ti ilẹ̀, ó fi àmì kékeré sí abẹ́ lẹ́tà tó kẹ́yìn, ọmọ náà kà á. Wọ́n wá pe Pásítọ̀ Kékeré. Ìyá Olùkọ́ kọ ọ́ sí pátákó pé ọkọ̀ òun bàjẹ́, ó ní kí ó kà á sókè. Ó kánjú, ó kà á pé ọkọ òun bàjẹ́. Àwọn ọmọ ṣubú lu ara wọn. Ìyàwó Kò-ì-tán tó gbé omi wá ní bí ó bá jẹ́ ti ọkọ ni, kí wọ́n má ṣe nù ún kúrò.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì jáde láti inú àká. Méjì nínú rẹ̀ ti le. Kò-ì-tán fi ẹsẹ̀ ta ọ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló jìyà. Ọdún kẹta rèé tó ti kó o síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé méjèèjì sẹ́yìn ilé.

Èyí tó kù ni wọ́n pò mọ́ iyanrìn. Láti ìdí ògiri ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ó na okùn láti ògiri dé ògiri. Ó kúnlẹ̀ lórí pákó kékeré kan, ó ń fi irin pẹlẹbẹ rẹ̀ tẹ́ ẹ, ó ń pa á, ó ń tún un pa. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbé e fún un nínú ike. Kò sí ẹni tó ń ṣàwàdà. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, lọ́wọ́ ọ̀sán, ó rí i pé kò ní í tó. Igun kan yóò kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Pásítọ̀ Kékeré ní kí wọ́n fi iyanrìn púpọ̀ sí i, kí ó lè kárí. Kò-ì-tán ní rárá. Ó ní bí òun bá là á fẹ́lẹ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò fọ́ kí ọdún tó yípo, àwọn ọmọ yóò tún máa jẹ eruku. Ó ní igun kan tó kù sàn ju ilẹ̀ tó bàjẹ́ lọ. Wọ́n wá pe Ìyá Olùkọ́. Ó wo igun náà. Ó ní àpótí ìwé òun lè dúró síbẹ̀, ọmọ kankan kò ní í tẹ̀ ẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà ni mo kan ìṣó tó kẹ́yìn sí òrùlé Kò-ì-tán. Ó ti ilé-ìwé dé, sìmẹ́ńtì wà ní orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Ó wọ inú iyàrá, ó dúró láàárín rẹ̀, ó gbójú sókè. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ń kó irinṣẹ́ mi sínú àpò, n kò wò ó.

Ó ní, "Ó ṣókùnkùn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni òrùlé ń ṣe.

Ìyàwó rẹ̀ tú ọ̀rá yẹn, ó ká a, ó jókòó lé e.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, omi la ń bù wọ́n ilẹ̀ ilé-ìwé kí ó má baà sán. Àwọn ọ̀dọ́ pín ara wọn, wọ́n ń fi ewé bò ó, wọ́n ń wọ́n omi sí i, wọ́n ń lé adìyẹ. Adìyẹ ìlú yẹn kò gbọ́ ìkìlọ̀. Akọ̀wé ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ́ jù. Ó mú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń kọ ìròyìn iṣẹ́ sí ìjọ. Mo rí i tó ń tẹ ọ̀rọ̀ kan, tó dúró, tó ń wá àmì rẹ̀, kí ó tó tẹ òmíràn. Ó fi ọ̀sán kan kọ ìlà mẹ́sàn-án.

A ṣe ìsìn lábẹ́ igi ní ọjọ́ Àìkú. Ìlú wá. Pásítọ̀ Kékeré ti múra ìwàásù sílẹ̀ láti ilé, nípa òrùlé tó ń dáàbò bo ènìyàn. Nígbà tó dìde, ó ní òun kò ní í wàásù rẹ̀ mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní ara òun ló ń wàásù fún òun láti ọjọ́rú, ó jókòó. Àwọn àgbà ní irú pásítọ̀ yẹn ló yẹ kí ó máa wá.

Ọkọ̀ dé lẹ́yìn ìsìn. Àwọn ọ̀dọ́ wọlé, wọ́n lọ. Èmi kò lọ. Mo fẹ́ fi ojú mi rí i. Akọ̀wé ní òun náà kò lọ.

Alábẹ̀wò dé ní ọjọ́ Ajé, bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ó gbé ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo dúró sí pẹ̀lú Akọ̀wé àti Kò-ì-tán. Àwọn ọmọ ti wà lórí bẹ́ńṣì. Bẹ́ńṣì kò mì. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà kí ó tó wọlé. Ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá wọlé, ó rìn láti ògiri kan dé ìkejì, ó rìn padà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀.

Ó bi Ìyá Olùkọ́ bóyá gbogbo rẹ̀ nìyí.

Mo wo àpótí ìwé náà. Ó dúró dáadáa ní igun rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè mọ̀.

Ìyá Olùkọ́ ní, "Ó ku ibì kan."

Ó lọ sí ìdí àpótí náà, ó fi èjìká tì í. Ó wúwo. Akọ̀wé di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Kò-ì-tán mí kanlẹ̀. Àpótí yẹ̀, erùpẹ̀ yọ.

Alábẹ̀wò wò ó. Ó ní, "Ìyá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi hàn mí?"

"Ohun tó wà nílẹ̀ lẹ béèrè, sà. Òun náà wà nílẹ̀."

Ọmọ kan rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Alábẹ̀wò kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tú ká. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ, ó kọ̀wé fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ilẹ̀ náà tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ní ilé-ìwé náà yóò máa lọ bó ṣe ń lọ. Ó ní kí wọ́n tẹ́ èyí tó kù nígbà tí agbára bá wà. Ó bi í pé ta ni bíríkìlà tó ṣe é. Ìyá Olùkọ́ tọ́ka sí fèrèsé, ó pe Kò-ì-tán ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ orúkọ náà nìyẹn. Kò-ì-tán wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó dáhùn.

Akọ̀wé fi apá mi sílẹ̀. Ó lọ sí abẹ́ igi, ó jókòó, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Mo lọ jókòó tì í. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nínú ilé, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọkọ̀ tó ń lọ sí ọjà ló gbé wa padà ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ìyàwó mi bi mí bóyá mo gun òkè. Mo ní mo gùn ún.

Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí. Akọ̀wé ti padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ilẹ̀ náà kò sán, ilé-ìwé ti gba tíṣà kejì. Igun ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, ìwọ̀n ẹní kan, erùpẹ̀ ṣì ni.